Oyin Inú Kọfí Bàámi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo ará àdúgbò wa ní Mákun, ní Ṣàgámù, ló mọ ọjọ́ tí Bàámi bá ń yan kọfí. Òórùn rẹ̀ á gba agbo ilé wa kọjá, á dé ojú ọ̀nà, àwọn tó ń lọ sọ́jà á dúró, wọ́n á bèèrè pé kí ló ń jóná. Ṣúgà ló ń jóná. Bàámi kì í yan kọfí bí ẹni ń yan ẹ̀pà. Wọ́n á gbé agbada kaná, wọ́n á da kọfí gbígbẹ sí i, wọ́n á máa rò ó títí á fi pọ́n dáadáa, nígbà náà ni wọ́n á wá bu ṣúgà lé e, ìkúnwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á sì fi bọ́tà ṣíbí ńlá kan tẹ̀ lé e. Ṣúgà á yọ́, á dúdú, á lẹ̀ mọ́ kọfí náà lára. Wọ́n á dà á sórí páànù kí ó tutù, á dì gbagidi, àwa ọmọ ni a ó sì máa fi odó gún un. Apá mi ṣì mọ bí ọmọ odó yẹn ti wúwo tó.

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wọn. Bọ́mà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bàámi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa lọ jagun lọ́hùn-ún, nígbà tí wọn kò tíì fẹ́ Màámi. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe jà, wọ́n á ní ẹsẹ̀ àwọn ló jà, torí ìrìn ni àwọn ń rìn ṣáá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ kọfí, ẹ ti ṣí wọn lẹ́nu nìyẹn. Wọ́n á ní bàbá arúgbó kan wà lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí àgọ́ wọn, tó ń fi ṣúgà àti bọ́tà yan kọfí nínú páànù irin, tó ń fi àpò aṣọ gígùn bí ìbọ̀sẹ̀ sẹ́ ẹ, tó ń kọ́kọ́ da mílíkì aládùn tó ki sí ìdí ife kí ó tó da kọfí lé e. Wọ́n ní nínú gbogbo ohun tí ojú àwọn rí lọ́hùn-ún, ife kọfí yẹn nìkan ni ohun tí àwọn fẹ́ rántí.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ń pín irúgbìn kọfí fún àwọn àgbẹ̀ láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Bàámi gbin nǹkan bí ogún sí ẹ̀gbẹ́ oko obì wọn lọ́nà Ìpara. Àwọn yòókù gbin tiwọn, wọn kò rí ẹni rà á, wọ́n gé e, wọ́n fi obì rọ́pò rẹ̀. Bàámi kò gé tiwọn. Wọ́n ní àwọn kò gbìn ín fún títà. Màámi fi aṣọ funfun rán àpò gígùn kan fún wọn, wọ́n fi wáyà yí ẹnu rẹ̀ ká, wọ́n sì so ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àràárọ̀, kí wọ́n tó lọ sóko, ife kan. Ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá dé, ife kan. Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á mu méjì, wọ́n á sì máa bá Màámi ṣàwàdà pé bí bíṣọ́ọ̀bù bá mu irú kọfí yìí, ìwàásù rẹ̀ á kúrú.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba padà lọ́wọ́ àwọn alágbádá ni àìsàn náà fara hàn. Màámi ló kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn ilé wa, níbi tí Bàámi ti máa ń tọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù bo ilẹ̀. Màámi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí èèrà ń wá. Bàámi náà ti ń rù, omi ni wọ́n sì ń mu ṣáá bí ẹni tó jẹ iyọ̀. A gbé wọn lọ sí ọsibítù ìjọba, wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Dókítà fún wọn ní oògùn oníhóró, ó ní kí wọ́n jìnnà sí ohun aládùn, kí wọ́n dín ẹ̀bà kù. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí èrò pọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. A dúpẹ́, a kúrò níbẹ̀.

Tíṣà ni mí nígbà yẹn. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú wa: bí a ti ń se oúnjẹ tó ṣara lóore, bí a ti ń rán aṣọ, bí a ti ń tọ́jú aláìsàn. Mo ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, n kò tíì lọ́kọ, ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ni mò ń gbé, mo sì gbà pé nínú ilé yẹn kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń lọ sí ikùn èèyàn jù mí lọ. Ẹnu mi mú. Bàámi kì í tilẹ̀ fi orúkọ pè mí mọ́, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, mi ò sì mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí a ti ọsibítù dé, mo kó gbogbo agolo mílíkì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo kó wọn fún àwọn ará ilé kejì. Mo da kọfí tí wọ́n ti yan nù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàámi jókòó sórí àga, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé o máa da èmi náà nù ni?”

Mo ní, “Mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ láyé ni, Bàámi.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Màámi bá agolo mílíkì kan lábẹ́ ewé nínú apẹ̀rẹ̀ obì. Wọ́n ti lu ihò méjì sí i lórí. Màámi kò pariwo. Wọ́n gbé Bíbélì tí Bàámi fi ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e síwájú wọn lórí tábìlì, wọ́n ní kí Bàámi gbé ọwọ́ lé e, kí wọ́n búra pé àwọn kò ní fi ẹnu kan mílíkì aládùn mọ́ láyé. Bàámi wo Bíbélì náà títí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n búra. Mo mọ irú èèyàn tí Bàámi jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá da mílíkì aládùn sí wọn lọ́wọ́, wọn kò ní lá a.

Ṣùgbọ́n ìyà ń jẹ wọ́n, mo sì rí i. Àràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó ní ẹnu ọ̀nà, tí ọwọ́ wọn kò rí ohun dì mú. Àánú wọn ṣe mí. Mo sọ fún ara mi pé, ṣebí iṣẹ́ mi nìyí? Màá se kọfí Bọ́mà tí kò ní pa wọ́n lára.

Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ yan kọfí láìfi ṣúgà àti bọ́tà sí i, lórí iná tó rọra ń jó, mo ń rò ó, mi ò gbójú kúrò. Èyí tó kọ́kọ́ jáde kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Bàámi tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ife kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bàámi kì í fi èdè ìwé bá wa sọ̀rọ̀, èdè Rẹ́mọ tiwọn ni, tí wọ́n ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe sísọ ní fífọ̀, tí wọ́n ń pe “kò” ní “éè”. Wọ́n ní, “Tíṣà, éè dùn. Ṣé agbo ibà ni?” Mo bínú, mo gbé ife náà kúrò, ṣùgbọ́n mo padà sídìí agbada. Mo yan án kí ó dúdú sí i. Mo gún un kúnná ju ti àtẹ̀yìnwá. Ní ti mílíkì, mo rẹ́ àgbọn, mo fún omi rẹ̀, mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀rá rẹ̀ má pọ̀ jù, mo dà á sí ìdí ife bí bàbá arúgbó Bọ́mà ti ń da mílíkì. Ó ki, ó funfun, ó dára lójú. Bàámi mu ìdajì. Wọ́n ní, “Ó ti ń súnmọ́ ọ̀nà.” Adùn nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lónìí lè ti mọ ibi tí mò ń lọ. Nígbà yẹn, mi ò mọ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ta ni ọ̀tá oyin? Oyin ni a fi ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun. Oyin ni a fi ń po àgúnmu, òun ni a ń fún ẹni tó ń wúkọ́, òun ni a ń fi sí ojú egbò. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń bẹ̀rù nínú oyin ni ayédèrú, nítorí àwọn tó ń tà á a máa se ṣúgà pọ̀ mọ́ omi, wọn a sì pè é ní oyin. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ ra oyin kì í fi í gbàgbé ìṣáná. Ẹ ó ki orí ìṣáná bọ inú oyin, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó ṣá a. Bó bá gbiná, oyin gidi ni, kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Bí kò bá gbiná, ẹ dá a padà fún olóyin.

Ọkùnrin kan wà tó ń ti òkè ọ̀hún gbé oyin wá ní ọjọ́ ọjà. Mo lọ bá a pẹ̀lú páálí ìṣáná mi. Nínú ìgò mẹ́rin tí mo dán wò, ẹyọ kan ṣoṣo ló gbiná, ó sì gbiná dáadáa. Inú mi dùn. Mo gbé ìgò náà délé, mo tún dán an wò lójú Bàámi àti Màámi, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i. Ìṣáná gbiná fàì. Mo ní, “Ẹ ò rí i? Kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá. Oògùn ni.”

Màámi fi ìka tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, “Ó mà dùn o.”

Mo ní, “Màámi, dídùn kọ́ ni ṣúgà. Oyin yàtọ̀.”

Wọ́n tún lá ìka wọn. “Mo kàn ní ó dùn ni.”

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí, kí ìyá tí kò mọ A máa kọ́ mi ní ohun tí ṣúgà jẹ́? Mo da ṣíbí oyin mẹ́ta sí ife Bàámi. Wọ́n mu ún, wọ́n di ife náà mú, ojú wọn yí padà, omi sì lé ròrò sí ojú wọn. Wọ́n ní, “Èyí gan-an ni. Tíṣà, o ti mú mi padà débẹ̀.” Màámi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì mọ ayọ̀ tó tó ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn láti ìgbà náà.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi sè é fún wọn. Lára ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé mi ò ṣe é tìkanra-tìkanra. Mo máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti rẹ́ àgbọn. Níbi tí wọ́n ti ń mu ife méjì lóòjọ́ tẹ́lẹ̀, mo fi ìkẹta kún un ní ọ̀sán, nítorí pé oògùn ni, kí ló dé tí màá fi ṣahun sí i? Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí a ti ń sè é. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: kọfí fún aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Mo ṣì ń rántí àwọn ọmọbìnrin yẹn, tí wọ́n tẹrí ba tí wọ́n ń kọ ọ́. Mi ò mọ ibi tí ìwé wọn wà lónìí, mi ò mọ bàbá ta ni wọ́n sè é fún.

Ní oṣù kẹta, Màámi pè mí lẹ́yìn ilé. Wọ́n nàka sílẹ̀. “Èèrà ti tún dé o.”

Mo wo ilẹ̀ náà. Mo ní àwọn ọmọ ilé kejì ló da ògì síbẹ̀.

Màámi tún wo èèrà náà. Wọ́n wọlé, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń bi Bàámi bóyá wọ́n ti tún ń mu mílíkì. Bàámi ní, “Mo búra fún ẹ.” Màámi ní, “Mo mọ̀ pé ẹ búra. Mo kàn bèèrè ni.” Ó parí síbẹ̀. Màámi gba Bàámi gbọ́. Wọ́n gba èmi náà gbọ́. Àárín ẹni méjì tó ń gba ara wọn gbọ́ ni mo wà, tí mò ń po oyin.

Lẹ́yìn náà ni kùkùté gún Bàámi ní ẹsẹ̀ lóko. Ojú ọgbẹ́ náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Láyé ọjọ́un, irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàámi á fi ewé nù ún, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Èyí kọ̀, kò san. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ó wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo fi oyin kún oyin. Mo ní ṣebí oyin máa ń jẹ́ kí egbò jiná, kí a jẹ́ kó ti inú ṣiṣẹ́ jáde. Ṣíbí mẹ́ta di márùn-ún. Bàámi ń mu ún, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn di dúdú, a gbé wọn padà sí ọsibítù. Wọ́n tún yẹ ìtọ̀ wọn wò. Nọ́ọ̀sì tó mú èsì wá jẹ́ obìnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀, tó sì ti rẹ̀. Ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, Màámi wà ní apá ọ̀tún, èmi wà ní apá òsì. Ó ní, “Bàbá, ṣúgà inú ìtọ̀ yín ti ga kọjá ti àkọ́kọ́. Kí lẹ̀ ń jẹ? Kí lẹ̀ ń mu? Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé mínírà ni? Ṣé mílíkì ni? Ṣé oyin ni?”

Mo ti ṣí ẹnu tẹ́lẹ̀ láti sọ fún un, pẹ̀lú ìgbéraga, pé èmi fúnra mi ni mò ń se ohun tí wọ́n ń mu. Mo gbọ́ oyin, ẹnu mi dúró bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Oyin kẹ̀? Oyin gidi?”

Ó ní, “Gidi tàbí ayédèrú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣúgà loyin, àǹtí. Ẹni tó bá ń fún aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà ní oyin, májèlé ló ń fún un.”

Mi ò lè ṣàlàyé bí ara mi ti rí. Ilẹ̀ kò lanu, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó lanu. Mo mọ̀ pé Màámi ń yíjú bọ̀ láti wò mí. Mo mọ̀ pé láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n máa so ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Àmọ́ kí ojú wọn tó dé ọ̀dọ̀ mi, Bàámi ti gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí.

Wọ́n ní, “Mílíkì ni, Nọ́ọ̀sì.”

Gbogbo wa yíjú sí wọn.

“Mílíkì aládùn. Mo ń rà á. Mo ń fi pamọ́ sóko. Ojoojúmọ́ ni mò ń mu ún.”

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. “Bàbá! Níbo lẹ ti ń rí mílíkì rà? Àwa tí a lọ́mọ nílé, agolo kan là ń tò fún láti àárọ̀ di alẹ́, a ò rí i!” Ó bá wọn wí bí ẹni ń bá ọmọ kékeré wí, pé àgbàlagbà ni wọ́n, kò yẹ kí ọ̀fun máa darí wọn, pé wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn gé ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn aláìsàn yòókù ń gbọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bàámi, tí ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sí ẹni tó gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí, tẹrí ba, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Èmi tí ẹnu mi mú, èmi tí mi ò jẹ́ kí Màámi sọ gbólóhùn kan dé òpin, mo dúró ní apá òsì bẹ́ẹ̀dì, mi ò sọ nǹkan kan.

Màámi kò pariwo. Ojú Bàámi ni wọ́n ń wò; ọ̀rọ̀ mílíkì yẹn ti gbá ọ̀rọ̀ oyin kúrò lọ́kàn wọn. Wọ́n ní, “Ẹ ṣáà ti gbé ọwọ́ lé Bíbélì fún mi.” Ìyẹn nìkan. Wọ́n jáde lọ jókòó sí kọ́rídọ̀.

Mo wólẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń sunkún, mo ní, “Bàámi, kí ló dé? Kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn.”

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn gbóná. Wọ́n ní, “Jókòó. Má fọ̀ fún ìyá ẹ.”

“Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni wọ́n ń bínú sí.”

“Ó ti bínú sí mi rí. Ó mọ bí wọ́n ti ń ṣe é.” Wọ́n gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Èmi éè ní pẹ́ mọ́. Ìwọ àti ìyá ẹ lẹ máa jọ kù sí ulé yẹn. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, báwo ló ṣe máa máa jẹ oúnjẹ tó o bá sè?”

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò dá àìsàn náà dúró. Bàámi lo ọ̀sẹ̀ méje sí i. Màámi tọ́jú wọn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjèèje: wọ́n wẹ̀ wọ́n, wọ́n fún wọn lóúnjẹ, wọ́n pààrọ̀ aṣọ wọn. Àmọ́ wọn kì í bá wọn ṣeré mọ́. Àwọn méjì tó ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti yàrá mi, kò sí ẹ̀rín mọ́. Bàámi á sọ ọ̀rọ̀ àwàdà kan, Màámi á ní, “Ẹ sinmi.” Mo gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ojoojúmọ́ ni mo lè fi gbólóhùn kan tún un ṣe. Mo tan ara mi jẹ pé bàbá mi ló ní kí n má sọ, pé ọmọ gidi ni mí. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí ìyá tí mo fi ṣe ẹlẹ́yà nítorí ìka tí wọ́n lá mọ̀ pé àwọn ló gbọ́n.

Bàámi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí Màámi lọ pọn omi. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kankan.

Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn ń bá Màámi kẹ́dùn, wọ́n ń bèèrè ohun tó pa bàbá. Màámi ń dá wọn lóhùn pé mílíkì ni. Wọ́n á ní, “Ọkùnrin le o, ẹnu rẹ̀ ni kò le.” Àwọn mọ̀lẹ́bí gba ọ̀rọ̀ náà lò. Títí di òní, bí ọmọ kan bá ń jẹ ohun aládùn jù nínú ilé wa, wọ́n á ní kí ó ṣọ́ra, kí ó má lọ ṣe bíi bàbá àgbà tó fi ọwọ́ lé Bíbélì tó tún lọ ń mu mílíkì nínú oko. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń wà níbẹ̀.

Èmi àti Màámi jọ gbé ilé yẹn fún ọdún mẹ́rin sí i. Bàámi kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ: Màámi jẹ gbogbo oúnjẹ tí mo sè. Wọ́n ń yìn mí fún àwọn ará ilé kejì, wọ́n ń sọ pé bí kì í bá ṣe tíṣà àwọn ni, bàbá ì bá ti kú ṣáájú. Ẹ wo irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Ìgbà mélòó ni mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá wọn pé òní ni màá sọ ọ́, tí wọ́n á ní, “Wá jókòó, ọmọ mi,” tí màá jókòó, tí màá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí àìsàn tiwọn dé, kò pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, mò ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí wọn, wọ́n la ojú, ọkàn wọn sì mọ́ kedere. Wọ́n ní àwọn kò bẹ̀rù. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ló wà ní ọkàn àwọn.

“Bí mo bá dé ọ̀hún,” ni wọ́n wí, “màá bi bàbá ẹ léèrè ọ̀rọ̀ mílíkì yẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe fún wọn tí wọ́n fi búra fún mi lórí irọ́.”

Aṣọ tútù wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Mo ní, “Ẹ sinmi, Màámi.”

Wọ́n sinmi.

Mo mọ Bàámi. Bí Màámi bá bi wọ́n léèrè lọ́hùn-ún, mílíkì náà ni wọ́n máa sọ.